Ilé-Ìṣọ́ Atẹ́gùn Olójú Mẹ́jọ ti Ardeshir

Ọjọ́ tí olóògbé Ardeshir ṣí ilé tuntun rẹ̀ ní Yazd, ìlú aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ Páṣíà, iyanrìn aṣálẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹun ṣáájú àwọn àlejò. Ilé-ìṣọ́ atẹ́gùn tí ó mọ sórí òrùlé, tí ó yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́ tútù wálé, ló fa iyanrìn sórí ìrẹsì. Olójú mẹ́rin ni ti Mehraban àbúrò rẹ̀, ihò mẹ́rin tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ardeshir ní mẹ́jọ ni tòun máa ní, á sì ga jù ú lọ. Yahya tó mọlé náà bẹ̀ ẹ́ títí pé ẹnikẹ́ni kì í ṣí ojú sí ìhà aṣálẹ̀.

“Ṣé Mehraban ṣí síbẹ̀?”

“Rárá o, Bàbá Katayun.”

“Ẹ ṣí i fún mi nígbà náà.”

Nígbà tí eruku rọlẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé náà, Ardeshir gbọn irùngbọ̀n rẹ̀, ó bi àwọn àlejò pé ṣé wọ́n rí i pé atẹ́gùn ń wọlé.

Owú ni, kò ní orúkọ mìíràn. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé Mehraban tutù gan-an, ní gbogbo ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ni Golchehr, ìyàwó Ardeshir, sì máa ń kó aṣọ tó ń rán lọ jókòó síbẹ̀. Golchehr mọ̀ pé ó ń dun ọkọ òun wọra. Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń fẹ́: kí ìyàwó rẹ̀ jókòó sílé tí ó kọ́ fún un, kí ó ní ó tutù. Ṣùgbọ́n Golchehr kò lè purọ́, ooru sì wà.

Lọ́jọ́ kan Ardeshir gun òrùlé, ó ní ilé àbúrò òun ló ń jí atẹ́gùn òun kó.

Mehraban dáhùn láti orí òrùlé tirẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá kó o. Gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀.”

Ó sì lọ lóòótọ́. Ó jẹ bàrà olómi níbẹ̀, ó sùn fọnfọn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó jí, ó ní ilé tó tutù tó báyìí lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Nígbà tó yá, ó yọ́ lọ fi amọ̀ dí ojú tó kọ sí aṣálẹ̀, ó ní àwọn ẹyẹlé ló ń yọ òun lẹ́nu. Síbẹ̀ ilé kò tutù. Bíríkì tí ì bá mú ògiri nípọn, ó ti fi gbé ilé-ìṣọ́ sókè.

Ardeshir kú kí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì tó wọlé. Nígbà tí oòrùn mú, Mehraban fúnra rẹ̀ wá pe Golchehr. Ó bá a lábẹ́ ilé-ìṣọ́ náà, ó ń ránṣọ, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Ìyá Katayun, ẹ dìde ká máa lọ sílé wa. Ooru yìí pọ̀.”

“Ooru wo?” Golchehr kò gbójú sókè. “Ibí tutù.”

Mehraban wò ó. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ òun náà gan-an. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì í, òógùn sì bo òun náà.

“Ó tutù,” ni ó wí. “Ó tutù ju tèmi lọ.”