Díìsìkì tí Mo Gbé Bí Ẹyin

Kí ọmọ-ọmọ mi tó lóyún, mi ò mọ̀ pé àwòrán ilé lè wúwo. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú bébà ni wọ́n ń ya ilé sí, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á fi há abíyá, ó parí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Ẹyin ni mo tà títí irun mi fi funfun.

Ẹnjiníà omi ni ọmọ-ọmọ mi yìí. Òun ló ń ya ibi tí páìpù yóò gbà nínú ilé ńlá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kéré, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ péré ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta sí Múṣin, wọ́n pín iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù, tó wà ní Yábàá, ló ń ya òpó àti bíìmù, ìyẹn kọnkéré tó dábùú láti òpó dé òpó. Òmíràn ń ya wáyà iná. Tiwa ni omi. Wọ́n ní láti máa fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn déédéé, kí páìpù ẹnì kan má baà gba inú bíìmù ẹlòmíràn kọjá.

Dókítà ní kí ọmọ-ọmọ mi dùbúlẹ̀ títí yóò fi bímọ. Mo kó ẹrù mi, mo wá sí ilé wọn ní Ìpọ̀nrí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà lórí ìrọ̀rí, èmi ń gé ọsàn fún un.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo bá a tó ń sunkún. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ Yábàá ló pè é. Ó ní páìpù ńlá rẹ̀ kan gba àárín bíìmù àwọn kọjá, àti pé tí àwọn bá jókòó ìpàdé lọ́sàn-án, àwọn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá àgbà, àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ń wò! Mo ti gbé páìpù yẹn kúrò níbẹ̀. Tuntun rèé, kò kàn fẹ́ lọ ni."

"Kí ló dé tí kò fẹ́ lọ?"

"Ó ti tóbi jù. Àwọn tó ń gbẹ́ títì sì ti gé wáyà nẹ́tíwọọ̀kì àdúgbò. Ti fóònù mi ni mo fi ń gbìyànjú. Ẹ wo ìlà tó ń sọ ibi tó dé yìí, láti ìdájí ló ti dúró sójú kan."

Mo wò ó. Ó dúró lóòótọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ẹnìkejì rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ọmọ mi ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rán ọlọ́kadà rí. Ọ̀kadà ko kòtò, díìsìkì tó kó o sí jábọ́, kò sì ṣí mọ́.

"Gbé e fún mi," mo ní.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá àgbà?"

"Ta ló ń ru kíréètì ẹyin láti Ìdó dé Yábàá nígbà náà? Ìyá rẹ jẹ nínú èrè rẹ̀ títí ó fi tó ọkọ ní."

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. "Ẹ máa ń rọra rìn jù."

"Ìlà tìrẹ yẹn náà kò kúkú sáré."

Ó da àwòrán náà sínú díìsìkì, nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tó tó ọṣẹ ìfọṣọ. Mo fi gèlè wé e, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé gèlè, mo gbé e sínú báàgì mi. Ó kìlọ̀ fún mi pé ọwọ́ ọ̀gá náà gan-an ni kí n fi í sí.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, mo gbé báàgì lé itan, mo ní kí awakọ̀ rọra.

"Ìyá, ẹyin lẹ gbé ni?"

"Ó ju ẹyin lọ. Ilé ìwòsàn ni."

Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé ìwòsàn wo lẹ̀ ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Orí itan mi ló wà."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí kòtò kan tí kò yà fún.

Nígbà tí a sún mọ́ ọjà Tejúoṣó, mọ́tò ti dí ojú ọ̀nà. Mo sọ̀kalẹ̀. Àwọn aláṣọ ń pè mí, "Màmá, ẹ wá wo àǹkárá!" Mo gbá báàgì mọ́ àyà lábẹ́ ìborùn mi, mo ń lọ. Mi ò sáré. Mi ò sáré rí pẹ̀lú ẹrù tó lè fọ́.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà na ọwọ́. "Màmá, ẹ fi oúnjẹ yẹn sílẹ̀, mà á bá yín gbé e gòkè."

"Kì í ṣe oúnjẹ. Páìpù ni."

Ó wo báàgì, ó wo ojú mi, ó ṣí géètì. Omidan tó jókòó sídìí tábìlì nínú ilé náà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó sórí àga tó kọjú sí àtẹ̀gùn. "Ọmọ mi, lọ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹni tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rán ìyá ìyá rẹ̀ sí wọn."

Kíá ló gun òkè lọ. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá?"

"Èmi ni. Kò sì jábọ́."

Ó mú mi lọ sínú yàrá ìpàdé wọn, níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ àti àwọn oníná ti jókòó. Ilé ìwòsàn náà ló wà lára ògiri, tí iná ń gbé e jáde: òpó pupa, wáyà aláwọ̀ ìyeyè, páìpù aláwọ̀ aró. Lóòótọ́, páìpù kan gún bíìmù ní ikùn. Ọ̀gá ki díìsìkì bọ kọ̀ǹpútà, ó ń kùn bí oyin. A dúró. Àwòrán yí padà. Páìpù ti yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ti gba igun ògiri sọ̀kalẹ̀, kò fara kan pupa níbì kankan.

Ọmọkùnrin ilé iṣẹ́ oníná ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ó ti yẹ̀ fún bíìmù!"

Ọ̀gá gbé fóònù. "Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Ti àtijọ́ ni mò ń wò. Iṣẹ́ yín mọ́, ẹ máa bá a lọ."

Mo gbọ́ igbe ayọ̀ ọmọ mi láti inú fóònù. "Rọra pariwo," mo ké sí i, "o lóyún!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà pẹ̀lú.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbé díìsìkì lọ sí Yábàá. Àwọn oníná ní kí n máa bá àwọn gbé tiwọn náà. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn dá mi mọ̀: "Ìyá Ilé Ìwòsàn, alájà mélòó lẹ gbé lónìí?" Nígbà tí ọmọ mi bímọ tán, wọ́n ti rí ọ̀nà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá tún ṣe nìkan ló ń lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi sinmi.

Láìpẹ́ yìí ni mo tẹ̀lé ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn Múṣin náà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo gun àtẹ̀gùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé àjà òkè pátápátá, mo ṣí ẹ̀rọ omi. Omi tú jáde, ó mọ́, ó lágbára. Mo fọ ọwọ́ mi.

"Màmá, ẹ ti fọwọ́ tán," nọ́ọ̀sì kan ní, "ẹ ti ẹ̀rọ."

Mo ní kó jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ sí i.