Nọ́ńbà Tó Ń Múnú Lorraine Dùn

Ọdún mọ́kànlá ni Lorraine Bickerstaffe fi bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìlú Fleetwood, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti ń rí ọmọ tó ń fi fọ́ọ̀kì ti ẹ̀wà kiri inú àwo láìfi kan ẹnu. Ó ní ojú òun ò gbà á mọ́. Ni ìyálọ́mọ bá lọ jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ ní yunifásítì, kò tijú, ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọ ilé ìwé.

Nílé ìwé tó ti wá ríṣẹ́ náà, ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí ni wọ́n fún un ṣe ọ́fíìsì. Ìgbà mẹ́jọ péré ló sì lè rí ọmọ kan. Tó bá ti pé mẹ́jọ, wọ́n á pa fáìlì dé, nítorí àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú pọ̀ bí eṣú.

Ó wá kan Freya, ọmọ ọdún méjìlá. Ẹ̀rù ilé ìwé ń bà á débi pé yàrá Lorraine nìkan ló ń wá, kò jẹ́ wọ kíláàsì. Ní gbogbo ìgbà, Lorraine á bi í pé, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni ẹ̀rù náà ṣe pọ̀ tó? Mẹ́sàn-án ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí méje, ó bọ́ sí márùn-ún, ó di méjì. Ọ̀gá Lorraine yìn ín títí. Ṣùgbọ́n Freya ò tíì fẹsẹ̀ kan kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ Lorraine lọ́kàn.

Ìgbà kẹjọ pé.

"Mélòó lónìí?"

"Ẹyọ kan, Mísì."

Lorraine kọ̀yìn sí i, ó ń da omi gbígbóná sínú ife tíì. "Ẹyọ kan, o ò sì lè wọ kíláàsì? Freya, má fi mí ṣeré o."

"Ṣé ẹ ò ní bínú?"

"Tí mo bá bínú, kí wọ́n dá mi padà sídìí ẹ̀wà."

Freya rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tí nọ́ńbà bá wálẹ̀, inú yín máa ń dùn. Lọ́jọ́ tí mo ní mẹ́sàn-án, ojú yín fà ro. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé ìbànújẹ́ lọ sílé."

Àánú ọmọ náà ṣe Lorraine, ojú ara rẹ̀ sì tì í. Àṣé ọmọ tó wá gba ìtọ́jú ló ń tọ́jú òun láti ọjọ́ yìí. Ó jókòó.

"Ó dáa. Mélòó gan-an?"

"Mẹ́wàá. Màámi ní wárápá. Tó bá dá ṣubú nílé nígbà tí mo wà ní kíláàsì ńkọ́?"

Lorraine kọ mẹ́wàá sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó gbé fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lójú Freya.

"Lorraine, ìgbà mẹ́jọ ti pé kẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ yẹn náà sì dáa."

"Ojú mi ló ń wò kó tó sọ nọ́ńbà tó máa múnú mi dùn, ọ̀gá. Ìgbà méje tó ti kọjá yẹn ò wúlò. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé òní la bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní òun fún wọn ní ìgbà mẹ́rin sí i.

Freya nu ojú rẹ̀. "Mísì, ṣé màámi lè bá mi wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"