Àkísà tí Ìyá Bísí fi ń di fáìlì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu yà mí lónìí o!

Nígbà tí ìjọba kó ọ́fíìsì ilẹ̀ wa láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó, òjò pa àwọn fáìlì lórí ọkọ̀. Gbogbo nọ́ńbà ara wọn ló pa rẹ́. Kí a tó rí ẹyọ kan, àfi ká ṣí gbogbo òkìtì.

Ni opó kan bá dé láàárọ̀ yìí, ó ń wá fáìlì ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ọ̀la ni ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa kàn ń nu òógùn ni.

Ìyá Bísí tó ń tọ́jú fáìlì dìde. Ó ń ránṣọ l'Ọ́jà Ọba ní Sátidé, àgékù aṣọ ibẹ̀ ló sì ti fi ń di fáìlì láti Àkúrẹ́. A ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ìlú wo ni ilẹ̀ yín wà, mà?"
"Ìdànrè ni, mà."
"Aṣọ ìlú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Àdìrẹ ni mo fi di ti Ìdànrè."

Ó fa ìdì aládìrẹ kan yọ, ó tú u. Fáìlì kẹta inú rẹ̀ ni èyí tí à ń wá! Opó náà bú sẹ́kún.

Mo ní, "Mà, ẹ ò sọ fún wa rí!"
Ó ní, "Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ̀rín lẹ ń rín."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ta lẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì tiyín?