Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Ń Gbá Yìnyín

Òkúta náà yà. Ohun tó mú mi lọ́kàn nìyẹn. Olùkọ́ eré ìdárayá kó kíláàsì wa lọ sí gbọ̀ngàn yìnyín kan nítòsí Brooklin, ọmọkùnrin kan sì tẹ̀ ba lórí ẹsẹ̀ kan, ó ti òkúta ńlá kan tó ní ìdìmú lórí síwájú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Òkúta náà ń lọ tààrà bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dúró, ó yà sápá òsì, jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òkúta mìíràn kọjá, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo fóònù wọn. Èmi gbàgbé láti mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. A ò tíì pẹ́ tí a dé láti Ìbàdàn, kò sì sí nǹkan kan ní Kánádà tó tíì wù mí títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Kọ́líǹgì ni wọ́n ń pe eré náà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Mo kà á, mo wò ó lórí fóònù, mo sì ń lọ fọwọ́ kan òkúta nígbà tí wọn ò bá rí mi. Òkúta kan wúwo ju kẹ́ẹ̀gì omi lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìdí rẹ̀ kò tẹ́jú: òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló ń kan yìnyín. Yìnyín náà kò sì dán. Wọ́n máa ń wọ́n omi sí i kó lè dì ní kóro-kóro, bí awọ ara ẹni tí òtútù mú. Ẹni mẹ́rin ló ń ṣeré, wọ́n ń ju òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá wọn ló ń jù kẹ́yìn; ẹgbẹ́ tí òkúta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín àmì roboto tó wà ní òpin ọ̀nà jù ló ni ayò. Ọ̀gá wọn á dúró sí òpin ọ̀nà, á máa ka yìnyín bí ìwé, á sì máa pàṣẹ. Ẹni méjì á máa sáré níwájú òkúta, wọ́n á máa fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ọ̀nà rẹ̀. Gbígbá yẹn ń mú yìnyín gbóná díẹ̀, òkúta á wá rìn jìnnà sí i, kò sì ní yà púpọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá lè fi mítà méjì tàbí mẹ́ta kún ìrìn rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ ilé ìwé wa, torí pé kò sí ẹlòmíì tó mọ ibi tí òkúta á yà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún méjì jù mí lọ. N'Íbàdàn, ó kù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Níbí, wọ́n wo ìwé rẹ̀, wọ́n sì fi í sí kíláàsì kọkànlá, kíláàsì kan náà pẹ̀lú mi. Ó ń jókòó sẹ́yìn, ó ń da fìlà aṣọ òtútù rẹ̀ borí. Nígbà tó yá, kò jókòó mọ́. Á bá mi jáde láràárọ̀, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oshawa, á sì tún wọ̀ ọ́ padà. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ajax. Ó bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ sọ fún Mọ́mì. Mọ́mì, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì n'Íbàdàn, ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní ibi méjì. Tó bá délé, á ti sùn lọ kó tó bọ́ bàtà tán. Bàbá wa ṣì wà n'Íbàdàn, ó ń dúró de físà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Georgetown. Olùkọ́ sọ pé tí a ò bá rí ẹnì kẹrin, eré ti parí. Ó tún sọ pé ẹni tí kò bá wọ kíláàsì kò gbọdọ̀ ṣeré. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, mo sì lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n wá máa gbálẹ̀ fún ẹ? Èmi?" Nílé wa, ìgbálẹ̀ kò kan ọwọ́ rẹ̀ rí, èmi àbúrò ni mò ń gbá ojúde láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà. "Títí eré yìí á fi parí ni o. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti lù wá kúrò ńbẹ̀, mo ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn."

Nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń ṣeré fún. Bí a bá ṣe ń borí ni ẹ̀gbọ́n mi á ṣe máa wọ kíláàsì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbá, mo dúró lókèèrè, mo rí i pé òkúta náà fẹ́ kú sọ́nà, mo sì la ẹnu: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbá a díẹ̀." Kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, òkúta ti dúró. Àwọn tó kù ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbálẹ̀ ti yìnyín, ó rìn wá bá mi.

Ó ní, "Gbá ni kó o sọ. Gbá, ó tán. Tá a bá délé, wàá gbá tìẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni "Gbá!" ṣe di igbe wa. Ọmọbìnrin òyìnbó tó ń bá a gbá náà kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ga, èjìká rẹ̀ lágbára, ó sì lè fi ojú lásán mọ bí òkúta ṣe ń sáré tó. Mi ò tíì rí ẹni tó gbá yìnyín bẹ́ẹ̀ rí. A borí, a tún borí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níwájú nínú kíláàsì ìṣirò.

Mọ́mì ráyè wá wò wá lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó rí ọmọkùnrin rẹ̀ tó tẹ̀ ba tó ń gbálẹ̀, ó rí mi tí mo dúró tí mò ń pariwo mọ́ ọn. Lẹ́yìn eré, a jọ wọ inú ọkọ̀.

"Wọ́n ti mú un jókòó pẹ̀lú ọmọdé," ló sọ fún mi, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ò sí lẹ́yìn ọkọ̀. "Ṣé níbi eré náà ló ti tún máa sin àbúrò ẹ̀?"

Ó lọ bá olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹ̀gbọ́n ṣe ọ̀gá, torí àṣà ilé wa nìyẹn. Olùkọ́ kò fẹ́ tàbùkù àṣà ẹnikẹ́ni. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ kì í ja ìyá rẹ̀ níyàn lójú àlejò. Ìfẹ́ ló mú Mọ́mì ṣe é. Kò mọ̀ pé ìgbálẹ̀ yẹn ló ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, òun ló dúró lókèèrè, èmi ni mò ń gbá. Àmì ayò dọ́gba títí dé òkúta tó kẹ́yìn, tó jẹ́ tiwa, tó sì jẹ́ òun ló máa jù ú. Ó jù ú. Mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé agbára tó fi jù ú kò tó. Mò ń sáré níwájú òkúta náà, mò ń retí igbe. Nígbà tó máa ké "Gbá!", ó ti pẹ́. Mo gbá títí apá mi fi kú. Òkúta náà dúró síwájú àmì roboto, kò wọ inú rẹ̀. Wọ́n borí wa, eré ẹgbẹ́ wa sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dá ìgbálẹ̀ padà fún olùkọ́, ó dúpẹ́ dáadáa. Ìta, nínú yìnyín dídọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ló ti sọ fún mi pé: "Ibi kan ṣoṣo tí mo ti mọ iṣẹ́ mi, wọ́n mú mi kúrò ńbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ bàtà onírin, ó lọ sí Ajax. Ìgbà tí Mọ́mì rí aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn lórí okùn ló tó yé e. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Ìwọ mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. Kò bínú. Ó kàn ń ká ẹsẹ̀ aṣọ náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Oakville ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé báyìí, ó ń wa ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù sókè nílé ìkẹ́rùsí. Kò gba ìwé ẹ̀rí ilé ìwé náà. Èmi ń ṣeré ní ẹgbẹ́ kan láàárín Toronto ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń ju òkúta kan sí àárín àmì, wọ́n á fi téèpù wọn ohun tó kù kó débẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa ni òkúta ìkẹyìn. Àwọn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbá fún mi. Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n mi ò tíì ké sí wọn lédè wa rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò wá wò mí rí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ kan á ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi, ọ̀kan náà ni nígbà gbogbo: "Mélòó?"

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fèsì: sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án.