Oyèfúnkẹ́ Fi Etí Yan Àgbàdo

Láti ìgbà tí Oyèfúnkẹ́ ti wọ ilé ọkọ ní Tatonnonkon, ní ilẹ̀ Benin, ọtí àgbàdo ló ń pọn. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ọtí jẹ́jẹ́ ni, ó pupa bí omi tí a fi èèpo igi sè, ìhó funfun díẹ̀ á sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mu igbá kan níbẹ̀ lè dìde kó gbé ọkọ́ rẹ̀ padà sóko. Ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá ni adùn kan tó máa ń wá lẹ́yìn, adùn bíi ti ẹ̀pà yíyan, tí í dúró lórí ahọ́n nígbà tí a bá ti gbé ọtí mì tán.

Ibi tí adùn náà ti ń wá kò pamọ́. Bí àwọn obìnrin yòókù bá ti rẹ àgbàdo, tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n sì sá a gbẹ, lílọ̀ ló kàn. Oyèfúnkẹ́ ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìkòkò, á yan án lórí iná, kó tó pò ó mọ́ ìyókù. Imú ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá yá jù, ọtí á dà bí omi ògì lásán. Bó bá fi pẹ́ díẹ̀ péré, á korò.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ibà àti òtútù dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dìde, ó fi ata kan ahọ́n, ata ta á, ṣùgbọ́n kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbé imú lé ọṣẹ, ó gbé e lé ẹja gbígbẹ, òfo ni. Dókítà tó wò ó ní, "Ìyá, ó lè padà, ó sì lè má padà. Ẹ ṣe sùúrù."

Kò ṣe sùúrù. Ó tún pọn ọtí, ó sì jó àgbàdo láìmọ̀. Félicien, tó ni ilé ọtí kan ní Adja-Ouèrè, tó sì ti ń ra ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, fi sẹmijan, alùpùpù akérò, dá bidọ́ọ̀nù náà, ike tí ọtí wà nínú rẹ̀, padà sí i. Nígbà tí Oyèfúnkẹ́ pè é lórí fóònù, ó ní, "Ìyá Ulrich, ẹ má bínú. Èéfín ló ń run. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jókòó kẹ́ ẹ sinmi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ibà lọ. Nadège, ìyàwó Ulrich ọmọ rẹ̀, wá bá a nídìí àrò.

"Màmá, ẹ ò ṣe máa ta ṣódabì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè yẹn? Ẹ kàn máa rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é ni."

"N ò ní ta ohun tí ọwọ́ mi ò ṣe."

"Imú ńkọ́?"

Oyèfúnkẹ́ wò ó. "Ṣebí imú wà lójú tìrẹ?"

Nadège bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ Sẹ́lẹ́ ni, ìjọ rẹ̀ kò fàyè gba ọtí, kò sì fẹnu kan ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí. Ó ní, "Mo lè gbóòórùn rẹ̀. N ò ní tọ́ ọ wò o."

"Ìyẹn náà tó. Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń yan àgbàdo ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Nadège á tẹ orí ba lójú ìkòkò. "Koríko tútù ló ń run." Tó bá yá: "Ó ti ń run bí àkàrà báyìí." Tó bá tún ṣe díẹ̀: "Ẹ̀pà, Màmá! Ẹ̀pà gan-an!" Lójú ẹsẹ̀ Oyèfúnkẹ́ á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á dà á sórí àwo funfun, á wo àwọ̀ rẹ̀, á gé ẹyọ kan jẹ. Ó sì ń tẹ́tí sí i. Ó wá rí i pé àgbàdo máa ń dákẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti gbóná, á máa ta pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ìró náà bá ń sáré tẹ̀lé ara wọn ni òórùn ẹ̀pà ń jáde. Bí ariwo bá rọlẹ̀, ó ti jó nìyẹn.

Ọtí mẹ́rin ló bàjẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ló mu ún. Akíndèjì ló ń bá a tọ́ ọ wò, àgbẹ̀ àgbàlagbà tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, tí kì í purọ́ nítorí àánú. Ó pe àkọ́kọ́ ní omi ògì. Ó tu ìkejì dànù. Nípa ìkẹrin, ó ní, "Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tíì débẹ̀." Oyèfúnkẹ́ kò bá a jiyàn. Ó tún rẹ àgbàdo mìíràn sómi.

Nígbà karùn-ún, ó ní kí Nadège jáde kúrò nídìí àrò. Òun nìkan ló dúró ti ìkòkò, etí ló fi yan án.

Nígbà tó pọn ọtí náà tán, Akíndèjì gba igbá, kò sì mu ún kíá. Ó yí i sí oòrùn, ó wo àwọ̀ rẹ̀. Ó wá mu ẹ̀kún ẹnu kan, ó fi í pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oyèfúnkẹ́ ń wo ọ̀fun rẹ̀. Bàbá náà gbé e mì.

"Àgbàdo ló kọ́kọ́ dé, kò dùn jù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀pà. Ìkorò díẹ̀ wà lọ́nà ọ̀fun, òun náà sì ti lọ." Ó na igbá sí i. "Bu òmíràn."

Oyèfúnkẹ́ bu tirẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju títutù rẹ̀ lọ, àti ìhó tó ń fọ́ létè rẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ó nù ún, ó di bidọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀yìn sẹmijan, ó sì bá a dé Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀.

Félicien mu ún, ó tún bù ú mu. "Ìyá Ulrich, imú yín ti padà!"

"Kò padà."

"Báwo lẹ wá ṣe ṣe é?"

"O ní kí n sinmi. N ò sinmi."

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kó máa gbé bidọ́ọ̀nù mẹ́ta wá lọ́jọ́ ọjà, kó jẹ́ kí ọtí náà le díẹ̀ sí i, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá mu ún.

"Ẹyọ kan ni," Oyèfúnkẹ́ dá a lóhùn. "Ìkòkò ńlá ò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí àgbàdo ń wí. Kò sì ní le ju báyìí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le, kó wá a lọ síbòmíràn."

Félicien gbà. Oyèfúnkẹ́ gba bidọ́ọ̀nù òfìfo, ó sì ní kí oní-sẹmijan yára. Àgbàdo tó rẹ níjẹta ti tó kó jáde nínú omi.