Àpótí Ìsàlẹ̀

Gbì. Kó dákẹ́ díẹ̀. Gbì. Ìró òǹtẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó rántí láyé, nígbà tí wọ́n ṣì ń tẹ́ aṣọ fún un lábẹ́ tábìlì ní ilé ìkàwé ìjọba. Bí ẹnì kan bá dá ìwé padà, bàbá a fa káàdì ìwé náà yọ, a sì lu déètì ọjọ́ náà mọ́ ọn. "Èyí tá ò bá tíì lù," bàbá a máa wí, "a ò tíì rí i nìyẹn."

Bàbá ti kú. Ọmọ ló wà lórí àga rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún, àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ẹ-dákẹ́, nítorí gbólóhùn tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí odò kún àkúnya, tó gba gbogbo ìsàlẹ̀ ìlú, kò sẹ́ni tó dákẹ́ mọ́. Orí òkè ni ilé ìkàwé wà, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí omi lé kúrò nílé sùn sáàárín pẹpẹ ìwé. Wáyà ṣájà fóònù lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun lẹ́bàá ògiri. Aṣọ tútù wà lórí ìwé òfin. Ọjọ́ kẹrin rèé, Ẹ-dákẹ́ kò rí ìdí jókòó. Á lọ sójú fèrèsé, á wo odò, á padà wá to káàdì, á tún dìde. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, mẹkáníìkì alùpùpù, etí odò gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí omi ti dé, fóònù rẹ̀ kò lọ.

Ẹ-dákẹ́ ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa kọ èèyàn sí káàdì bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé: orúkọ rẹ̀, ojúlé rẹ̀, ẹni tó ń wá. Nọ́ọ̀sì tó ń bá ọkọ̀ ojú omi àwọn panápaná kọjá lójoojúmọ́ náà ń kó káàdì bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì, níbi tí àwọn mìíràn sá sí. Orúkọ bàbá oníkálukú ni Ẹ-dákẹ́ fi ń tò wọ́n sínú àpótí méjì òkè, bí a ti ń fi orúkọ òǹkọ̀wé to ìwé. Ìwé tí kò bá ní òǹkọ̀wé, àpótí ìsàlẹ̀ ni bàbá kọ́ ọ pé kó sọ ọ́ sí títí àyè yóò fi yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún èèyàn. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ló ń wo ibi tó yẹ kí orúkọ bàbá tirẹ̀ wà nínú àpótí òkè. Káàdì àbúrò rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, télọ̀ kan dé iwájú tábìlì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mò ń wá."

"Kí lorúkọ bàbá wọn?"

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá Ìyá Oníbúrẹ́dì."

Télọ̀ yíjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ bá mi gbọ́ o! Ọdún méjìlá la ti jọ ń gbé ládùúgbò. Ṣé bàbá wọn ló ń ta búrẹ́dì fún mi ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákẹ́!"

"Ẹ má bínú, mà." Ohùn télọ̀ rẹlẹ̀. "Èmi náà, ta ló mọ orúkọ bàbá mi ládùúgbò wa? Bí omi bá gbé mi lọ, télọ̀ ni wọ́n á ní ó gbé lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí ìsàlẹ̀ jáde. Ó ti kún dẹ́nu. Káàdì kejì tó mú ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, ilé ẹ̀kọ́ òdìkejì, ara rẹ̀ le. Télọ̀ fò sókè.

Ọwọ́ Ẹ-dákẹ́ kò dúró mọ́. Bíríkìlà Àgbà. Bàbá Onífìlà Pupa. Aláriwo, mẹkáníìkì alùpùpù: ẹsẹ̀ ọ̀tún kán, ó ní ká sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ní láíbìrì pé òun wà láàyè, kó máa bọ̀.

Déètì ọjọ́ kejì omi ni nọ́ọ̀sì kọ sórí rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ náà, bírò pupa ti kọ ọ́ pé: kò lórúkọ bàbá. Bírò Ẹ-dákẹ́ ni; àyè orúkọ bàbá tó ṣófo nìkan ló wò nígbà náà, kò ka ìyókù. Gbogbo ìlú ló ń pe àbúrò rẹ̀ ní Aláriwo. Òun nìkan ló ń pè é lórúkọ ilé. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Aago mélòó lọkọ̀ ń lọ?"

"Mẹ́rin, mà," ni télọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Aago mẹ́ta ti lù. Ó ti gbé báàgì, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó tò kò kúrò. Àpótí ni gbogbo wọn ń wò.

Ó padà, ó gun orí àga bàbá rẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ gbọ́ o! Bíríkìlà Àgbà! Ta ló ni ín?"

"Ẹ-dákẹ́ ló ń pariwo báyìí?" ni bàbá kan bi ara rẹ̀ níbi tó sùn sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dákẹ́, ká lè gbọ́!" ni ẹnì kan nínú àwọn tó tò dá a lóhùn.

Ẹ-dákẹ́ ka orúkọ wọn títí ọ̀fun rẹ̀ fi ya. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ẹni rẹ̀ á kígbe, òun á sì ya káàdì náà sọ́tọ̀. Nígbà tí àpótí ṣófo, ọ̀pọ̀ wọn ti rọ́ lọ sétí omi. Télọ̀ gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá gbààyè sílẹ̀ fún yín. Ẹ má pẹ́ o."

Káàdì mẹ́tàlélógún tí wọ́n dáhùn sí ló wà lórí tábìlì. Ó ṣí ike tàdáwà òǹtẹ̀. Gbì. Gbì. Ti Aláriwo ló ṣe kẹ́yìn. Déètì rẹ̀ wọ́. Ó tún un lù. Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ó gbé àpótí ìsàlẹ̀ lé orí àwọn méjì yòókù, ó dé ike tàdáwà, ó fọwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀ títí ó fi mú, ó sì sáré síta.