Téèpù Prof Ló Lé Mi Kúrò ní Sọ́mìlì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n sọ bí téèpù ṣe lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o, ó ṣì ń dùn mí!

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti sá kúrò ní school ní Àkúrẹ́? Engineering ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ká sọ òótọ́, òun ló ń ṣe mí. Ni mo bá gba Oǹdó lọ, mo ríṣẹ́ sí sọ́mìlì. "Ẹnjiníà" ni wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Ìṣòro kan ló wà: mo kúrú. Kì í ṣe kékeré o! Máṣíìnì tí a fi ń la gẹdú ga débi pé orí àpótí ni mo máa ń gùn kí ọwọ́ mi tó tó o. Àpótí náà sì ń mì bí eyín arúgbó.

Lọ́jọ́ kan, prof kan dé láti Àkúrẹ́. Research wọn dá lórí bí iṣẹ́ ò ṣe ní máa pa òṣìṣẹ́ lára. Wọ́n fẹ́ fi téèpù wọn apá àti ẹsẹ̀ wa. Èmi ọ̀dẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde! Mo tún gun àpótí mi, mo ń ṣe fáàrí.

Prof pariwo: "Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀! Tí àpótí yìí bá yẹ̀, orí ayùn lo máa já sí!"

Wọ́n sọ fún ọ̀gá wa pé máṣíìnì náà ò bá mi mu, kó kan pèpéle onípákó tó dúró dáadáa síbẹ̀. Ọ̀gá ń mi orí: yes sir, yes sir. Inú mi dùn! Mo ti ń rò ó pé màá ga.

Nígbà tó di Monday, ọkùnrin kan tó ga bí òpó iná ló dúró nídìí máṣíìnì mi. Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé, prof ti ní èmi àti máṣíìnì ò bára mu.

"Ọ̀gá, máṣíìnì ni wọ́n ní ò bá mi mu o!"

"Ẹnjiníà, ìlú òyìnbó ni máṣíìnì ti wá. Ìta-Ògbólú nìwọ ti wá. Èwo ni kí n dá padà nínú yín?"

Gbogbo sọ́mìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Mo wọkọ̀ lọ bá prof. Inú bí wọn, wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá ń dúpẹ́ lórí fóònù pé àpótí ò sí níbẹ̀ mọ́, ewu ti tán! Prof kàn ń fi téèpù wé ìka.

Àpótí yẹn ni mo rù kúrò ní Oǹdó, bí ẹni tó gba gratuity. Orí ẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń tẹ èyí.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ìmọ̀ràn rere tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá burúkú, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà là ló máa kọ́kọ́ rì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti torí ìlera ẹ̀ lé dànù rí? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀, kó má baà jẹ́ èmi nìkan ló kúrú!